Láàbù méjì, omi kan náà, èsì tí kò bára mu: èwo ni ká gbà gbọ́?

Olùbéèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Èmi ni mo ń bójú tó omi ní ọgbà ilé gbígbé kan tí ó ní kànga ẹlẹ́rọ tirẹ̀, táńkì ńlá kan tí a ń da kílóríìnì sí, àti ibùdó kékeré kan tí a ti ń tọ́jú omi ẹ̀gbin kí ó tó jáde. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo gbé omi lọ sí láàbù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ọkàn mi lè balẹ̀, ṣùgbọ́n èsì tí mo gbà tún dá kún ìdààmú mi ni.

Láàbù àkọ́kọ́ ní kò sí E. coli, kòkòrò àìfojúrí inú ìgbẹ́, kankan nínú 100 mílílítà omi mímu wa. Èkejì ní òun ka 34. Ní ti náítíréètì, ti àkọ́kọ́ jẹ́ 9, ti èkejì jẹ́ 40. pH, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe ní ásíìdì sí, jẹ́ 7.9 lọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́, ó jẹ́ 7.1 lọ́dọ̀ èkejì. Láàbù kejì nìkan ni mo gbé omi ẹ̀gbin tí ó ń wọlé sí ibùdó wa fún, wọ́n sì kọ BOD 310 mílígíráàmù nínú lítà kan, wọ́n kọ COD 240; ọ̀nà méjì ni wọ́n láti wọn ọ́síjìn tí ẹ̀gbin inú omi ń gbà. Ẹnì kan ní kí n mú èyí tí ó dára jù nínú èsì méjèèjì kí n sì pa èkejì tì. Ọkàn mi kò gbà á, nítorí pé àwọn ọmọdé ń mu omi yìí. Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tí ó jẹ́ òótọ́?

Onímọ̀ Kòkòrò Àìfojúrí:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì ṣeun tí ẹ kò gba ìmọ̀ràn ẹni náà. Kí n tó sọ ohunkóhun nípa láàbù, ẹ jẹ́ kí n béèrè nípa ìgò. Irú ìgò wo ni ẹ gbé lọ fún láàbù kọ̀ọ̀kan? Wákàtí mélòó ni omi náà lò lọ́nà, ṣé inú òtútù ni ó sì wà? Ṣé ẹ ti da kílóríìnì sí táńkì ní ọjọ́ náà? Ṣé rọ́bà omi kankan wà lẹ́nu ẹ̀rọ tí ẹ ti gbà á?

Olùbéèrè:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ti láàbù àkọ́kọ́, ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ni mo fi omi gbígbóná fọ̀ tí mo sì rọ omi kún títí dé ẹnu. Ìrọ̀lẹ́ ni mo gbà á, ó sun inú ọkọ̀ mi mọ́jú, ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo tó gbé e dé ibẹ̀. Láàbù kejì ni ó fún mi ní ìgò tirẹ̀, èyí tí wọ́n ti dì pa, tí omi díẹ̀ bíi ẹ̀kán méjì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀; inú kúlà tí ó ní yìnyín ni mo gbé e sí, kò sì lò ju wákàtí méjì lọ. A ti da kílóríìnì sí táńkì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Rọ́bà kúkurú kan sì wà lẹ́nu ẹ̀rọ náà ní tòótọ́; ó ti pẹ́ níbẹ̀.

Onímọ̀ Kòkòrò Àìfojúrí:

Ohun tí mo fura sí gan-an nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí láàbù méjèèjì má ṣe àṣìṣe kankan níbi kíka kòkòrò. Omi tí ó dé ọwọ́ èkíní kì í ṣe omi tí ó dé ọwọ́ èkejì mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ẹ̀rọ kan náà ni ẹ ti gbà á.

Ẹ̀kán omi tí ẹ rí nísàlẹ̀ ìgò kejì ni sódíọ̀mù taiosọ́féètì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pa agbára kílóríìnì kú lójú ẹsẹ̀ tí omi bá ti wọ inú ìgò. Bí kò bá sí i, kílóríìnì á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nínú ìgò fún gbogbo wákàtí tí ẹ fi ń rìn, á sì pa kòkòrò tí ó wà láàyè nígbà tí omi ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Láàbù á wá ka òfo, òótọ́ ni wọn yóò sì kọ, ṣùgbọ́n òfo inú ìgò ni, kì í ṣe òfo ẹnu ẹ̀rọ tí ọmọ ti ń bu omi mu. Ìdí nìyí tí a kò gbọdọ̀ fi omi ṣan ìgò tí láàbù bá fúnni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ìdọ̀tí ni ẹ̀kán náà, wọn a sì dà á nù tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Bí a ṣe ń gba omi fún kíka kòkòrò nìyí. Ẹ yọ rọ́bà, asẹ́ àti ohunkóhun tí ó bá wà lẹ́nu ẹ̀rọ kúrò. Bí ẹnu ẹ̀rọ náà bá jẹ́ irin, a lè fi iná jó o; bí ó bá jẹ́ ike, ọtí apakòkòrò tàbí omi kílóríìnì ni a fi ń nù ún. Ẹ jẹ́ kí omi ya fún ìṣẹ́jú 2 sí 3, kí ó má baà jẹ́ èyí tí ó ti sùn nínú páìpù ni ẹ óò gbà. Ẹ ṣí ìgò ní àkókò tí ẹ fẹ́ rọ omi sí i gan-an, ẹ má gbé ìdérí rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ kan inú rẹ̀, ẹ má sì rọ omi kún un dé ẹnu, nítorí pé ẹni tí yóò ṣe àyẹ̀wò nílò àyè láti mì ín pọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sínú òtútù, láìjẹ́ kí ó dì. Ó sàn kí ó dé láàbù láàárín wákàtí 6. Kí ó má ṣe kọjá wákàtí 24 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Nínú ooru ọkọ̀, irú kòkòrò kan á gbèrú, òmíràn á kú, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ fún yín lẹ́yìn èyí iye tí wọ́n jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ti 34 yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé fún omi mímu ni pé a kò gbọdọ̀ rí E. coli rárá nínú 100 mílílítà. Inú ìfun ènìyàn àti ẹranko ẹlẹ́jẹ̀ gbígbóná ni kòkòrò yìí ń gbé, nítorí náà, bí a bá rí i nínú omi, ìgbẹ́ ti kan omi náà níbì kan. Mo fura sí rọ́bà ẹnu ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ìfura kò tó. Ibi mẹ́ta ni kí ẹ ti gba omi ní ọjọ́ kan náà: ẹnu kànga kí omi tó kan kílóríìnì, ibi tí omi ti ń jáde nínú táńkì, àti ẹnu ẹ̀rọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ẹ̀rọ nìkan ni kòkòrò wà, ẹ mọ ibi tí wàhálà wà; bí ó bá wà nínú kànga, ọ̀rọ̀ di ti bí kànga náà ṣe jìnnà sí ẹ̀gbin tó àti bóyá bí a ṣe dí etí rẹ̀ dára. Kí ẹ tó rí èsì tuntun gbà, ẹ máa se omi tí àwọn ọmọ ń mu.

Onímọ̀ Kẹ́míkà:

Ẹ jẹ́ kí n gba ti náítíréètì àti pH. Ẹ wo ìwé méjèèjì dáadáa, ní ẹ̀gbẹ́ iye tí wọ́n kọ. Mo gbàgbọ́ pé ẹ óò rí “NO3-N” lórí ọ̀kan, ẹ óò sì rí “NO3” lásán lórí èkejì. Èkíní ń wọn náítírójìn tí ó wà nínú náítíréètì nìkan. Èkejì ń wọn náítíréètì pẹ̀lú ọ́síjìn tí ó so mọ́ ọn. Láti inú èkíní bọ́ sí èkejì, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po 4.43. Ìlọ́po 4.43 ti 9 sì jẹ́ 39.9. Láàbù yín méjèèjì fẹnu kò sórí náítíréètì, bí ẹni méjì tí ó wọn aṣọ kan náà, tí ọ̀kan fi ẹsẹ̀ bàtà wọ̀n ọ́n, tí èkejì fi mítà.

Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí èyí fọkàn balẹ̀ pátápátá. Òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́ 50 mílígíráàmù nínú lítà kan bí a bá kà á gẹ́gẹ́ bí náítíréètì, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 11 bí a bá kà á gẹ́gẹ́ bí náítírójìn. Ẹni tí ó bá fi 40 wé 11 á fò sókè láìnídìí. Ẹni tí ó bá fi 9 wé 50 á sùn nígbà tí kò yẹ kí ó sùn. Ti yín wà nísàlẹ̀ òdiwọ̀n, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí i, ewu rẹ̀ sì wà ní pàtàkì fún ọmọ ọwọ́ tí a ń fi omi po oúnjẹ ìgò fún, nítorí pé kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọn lè gbé ọ́síjìn bí ó ti yẹ. Bí ẹ ti ń se omi nítorí kòkòrò, ẹ rántí pé sísè kì í lé náítíréètì lọ. Bí omi ṣe ń gbẹ ni náítíréètì ń ki sí i. Ẹ tún un yẹ̀ wò ní àkókò òjò àti ní àkókò ọ̀gbẹlẹ̀.

pH rọrùn láti ṣàlàyé. Omi abẹ́ ilẹ̀ sábà máa ń ní káríbọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì tí ó yòrò sínú rẹ̀. Bí ó bá ti ń fẹ́ jáde sínú afẹ́fẹ́, pH á máa lọ sókè. Lẹ́nu ẹ̀rọ ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, láàárín ìṣẹ́jú 15.

Ohun tí ó jẹ mí lógún jù, tí ẹ kò tilẹ̀ béèrè, ni òjé àti ásẹ́níìkì, májèlé méjì. Àwọn méjèèjì kò ní àwọ̀, wọn kò ní òórùn, wọn kò sì ní adùn nínú omi. Òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 0.01 mílígíráàmù nínú lítà kan. Ohun tí ẹ̀gbọ́n wa sọ nípa jíjẹ́ kí omi ya fún ìṣẹ́jú mélòó kan kọ́ ni a ń ṣe bí òjé ni a ń wá. Inú páìpù àti ibi tí a ti fi òjé jó páìpù pọ̀ ni òjé ti sábà máa ń wọ inú omi, nítorí náà, omi tí ó ti sùn nínú páìpù fún ó kéré tán wákàtí 6 ni a ń gbà, ìgò àkọ́kọ́ tí ó bá jáde ní òwúrọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ẹ̀rọ. Bí ẹ bá kọ́kọ́ jẹ́ kí ó ya, ẹ ti da ohun tí ẹ ń wá nù. Ìgò rẹ̀ sì yàtọ̀: a ti fi ásíìdì fọ̀ ọ́, a ó sì fi ásíìdì náítíríkì mú pH omi náà wá sí ìsàlẹ̀ 2 kí òjé má baà lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Ẹ rí i pé omi kan náà, ẹnu ẹ̀rọ kan náà, ohun tí a ń wá ni ó ń pinnu bí a ó ṣe gbà á. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún láàbù ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀, kí wọ́n wá fún yín ní ìgò tí ó bá a mu.

Nígbà tí èsì bá dé, ẹ ṣọ́ àmì “<”. Mo ti rí ìwé èsì kan tí wọ́n kọ ásẹ́níìkì “<0.05” sí, tí ẹni tí ó ni omi sì ń yọ̀ pé kò sí ásẹ́níìkì nínú omi òun. Ohun tí àmì náà ń sọ ni pé ẹ̀rọ wọn kò lè rí ohun tí ó bá kéré sí 0.05, nígbà tí òdiwọ̀n jẹ́ 0.01. Omi náà lè ní ìlọ́po mẹ́rin òdiwọ̀n kí ìwé náà sì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kí ẹ tó sanwó ni kí ẹ ti béèrè pé: kí ni iye tí ó kéré jù tí ẹ̀rọ yín lè rí?

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta:

Ẹ jọ̀ọ́, mo ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yín. Omi tiwa mọ́ gaara, kò sì ní òórùn. Ṣé mo lè fi bébà olóríṣiríṣi àwọ̀ tí a ń rì bọ omi yẹ̀ ẹ́ wò nílé, kí n má wulẹ̀ lọ sí láàbù?

Onímọ̀ Kòkòrò Àìfojúrí:

Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ o, màmá. Bébà yẹn wúlò fún mímọ̀ bóyá kílóríìnì ṣì kù nínú omi àti bí pH ṣe rí ní ìfojúdá, èyí sì dára láti máa ṣe lóòrèkóòrè, nítorí pé kílóríìnì kì í dúró dé láàbù. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń fẹ́ ni kí kílóríìnì tí ó kù jẹ́ ó kéré tán 0.5 mílígíráàmù nínú lítà kan lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30 tí ó ti wà nínú omi tí pH rẹ̀ kò tó 8, kí ó má sì dín sí 0.2 ní ibi tí a ti ń bu omi náà. Àmọ́ bébà kò lè ka kòkòrò fún yín, kò sì lè rí òjé níbi tí ó kéré dé. Mímọ́ gaara kì í ṣe ẹ̀rí; omi tí ó ní 34 E. coli nínú 100 mílílítà mọ́ gaara lójú. Òdìkejì rẹ̀ ni ó wúlò: bí omi bá rú, ẹ fura, nítorí pé ìdọ̀tí tí ó rú u máa ń di ààbò fún kòkòrò lọ́wọ́ kílóríìnì.

Alábòójútó Omi Ẹ̀gbin:

Mo ti ń dúró kí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ omi ẹ̀gbin. BOD 310 pẹ̀lú COD 240! Èsì yìí gan-an ni kí ẹ gbé padà sọ́dọ̀ wọn, kí ẹ sì béèrè pẹ̀lú ìtẹríba.

BOD ni iye ọ́síjìn tí àwọn kòkòrò àìfojúrí lò láti jẹ ohun jíjẹrà inú omi náà fún ọjọ́ 5, nínú òkùnkùn, ní 20 °C. COD ni iye ọ́síjìn tí a nílò bí a bá fi pótásíọ̀mù dáíkírómeètì àti ásíìdì gbígbóná jó ohun náà, ní 150 °C fún wákàtí 2. Kòkòrò a máa ṣa ohun tí yóò jẹ: igi, irun, ọ̀pọ̀ kẹ́míkà, wọn a fi sílẹ̀. Ásíìdì gbígbóná kì í ṣa nǹkan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tí í ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀. Báwo wá ni ohun tí kòkòrò jẹ yóò ṣe ju gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ lọ? Nínú omi ẹ̀gbin ilé tí a kò tíì tọ́jú, BOD sábà máa ń wà láàárín ìdá mẹ́ta sí ìdá mẹ́jọ nínú ìdá mẹ́wàá COD.

Ohun mẹ́ta ni mo máa ń wò bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀. Àwọn kan á sọ pé bóyá kòkòrò tí ń sọ amóníà di náítíréètì ni ó lo ọ́síjìn náà, nítorí pé COD kì í ka amóníà. Òótọ́ ni pé èyí máa ń ṣẹlẹ̀, a sì ní oògùn kan tí a fi ń dá irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n inú omi tí a ti tọ́jú tán ni wọ́n ti máa ń pọ̀. Nínú omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, wọn kì í sábà tó nǹkan láàárín ọjọ́ 5. Èkejì ni pé kí ẹni tí ó ṣe COD má mi ìgò, kí ó fa omi òkè nìkan nígbà tí gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ti rọ̀ sílẹ̀. Mílílítà 2 péré ni ọ̀pọ̀ máa ń lò fún COD, nítorí náà èérún kan lè gbé èsì sókè, àìsí rẹ̀ sì lè já a wálẹ̀. Ẹ̀kẹta, tí mo fura sí jù, ni ìṣirò bíbu omi là.

Ọ́síjìn tí ó lè yòrò sínú omi ní 20 °C kò ju nǹkan bí 9 mílígíráàmù nínú lítà kan lọ. Omi ẹ̀gbin yín á jẹ gbogbo rẹ̀ tán láàárín wákàtí mélòó kan, ìdí nìyí tí a fi ń bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ìgò 300 mílílítà, tí a ó fi omi mímọ́ tí ó ní ọ́síjìn kún un. Bí mílílítà 6 bá wọlé, a ó fi 50 sọ ọ́síjìn tí ó dín kù di púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ 12, a ó fi 25. Àṣìṣe kékeré nínú ìwé, ìlọ́po méjì ni lórí èsì. Láàbù tí ó mọ iṣẹ́ kì í bu omi là lọ́nà kan ṣoṣo; ó máa ń to ìgò mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀, ìgò tí ọ́síjìn rẹ̀ bá fi ó kéré tán 2 dín kù tí ó sì ṣẹ́ku ó kéré tán 1 ni ó sì ń gbà wọlé. Ẹ ní kí wọ́n fi ojú ìwé iṣẹ́ ọjọ́ náà hàn yín: iye omi tí ó wọ ìgò kọ̀ọ̀kan, ọ́síjìn ọjọ́ kìíní, ọ́síjìn ọjọ́ karùn-ún, ti ìgò omi mímọ́ lásán, àti ti ìgò glúkóòsì òun ásíìdì glutamic tí wọ́n fi ń dán ara wọn wò, èyí tí ó yẹ kí ó bọ́ sí nǹkan bí 198, kí ó má fi ju 30.5 lọ yà sókè tàbí wálẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni, kì í ṣe àfojúdi.

Mo tún fẹ́ béèrè: aago mélòó ni ẹ gba omi náà? Omi ẹ̀gbin òwúrọ̀, nígbà tí gbogbo ilé ń wẹ̀ tí wọ́n ń fọ̀, kò jọ ti òru rárá. Ìgò kan tí a gbà lẹ́ẹ̀kan ń sọ ìtàn ìṣẹ́jú kan. Ohun tí ó dára ni kí ẹ máa gba díẹ̀díẹ̀ ní wákàtí wákàtí fún wákàtí 24, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú òtútù, kí ẹ sì pò ó pọ̀ ní ìwọ̀n bí omi ṣe ń ṣàn tó ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ti ẹnu ibi tí omi ń gbà jáde ni kí ẹ gbà pẹ̀lú ti ẹnu ibi tí ó ń gbà wọlé, nítorí pé ìyàtọ̀ méjèèjì ni yóò fi iṣẹ́ ibùdó yín hàn. Bí ẹ bá ń da kílóríìnì sí èyí tí ó ń jáde, ẹ sọ fún láàbù. Kílóríìnì á pa kòkòrò tí ó yẹ kí ó jẹun nínú ìgò, BOD á sì rẹlẹ̀ bí ẹni pé omi náà mọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa agbára kílóríìnì náà, kí wọ́n sì fi kòkòrò mìíràn sínú ìgò.

Òdiwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń lò fún omi ẹ̀gbin tí a ti tọ́jú ní ìtàn o. Ìgbìmọ̀ ìjọba kan lórí dída omi ẹ̀gbin nù ní Bìrìtéènì ni ó dábàá ní 1912 pé kí omi ẹ̀gbin tí a ti tọ́jú má ṣe ní ju 30 mílígíráàmù ẹ̀gbin tí kò yòrò lọ nínú lítà kan, kí BOD rẹ̀ má sì ju 20 lọ. Iye yìí jẹ́ fún odò tí omi rẹ̀ pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́jọ omi ẹ̀gbin tí ń wọ inú rẹ̀, apá ìmọ̀ràn yìí ni ọ̀pọ̀ sì ti gbàgbé.

Òǹkàwé Kan:

Ní tèmi, láàbù méjì ni ó fa gbogbo wàhálà yìí. Ẹ yan ọ̀kan tí ó ní ìwé ẹ̀rí ISO/IEC 17025, ìlànà àgbáyé fún láàbù àyẹ̀wò, kí ẹ dúró tì í, èsì yín kò sì ní máa takora mọ́.

Onímọ̀ Kẹ́míkà:

Mo bọ̀wọ̀ fún èrò yín, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn tán. Láàbù kan ṣoṣo kì í takora pẹ̀lú ara rẹ̀, àmọ́ ó lè máa ṣe àṣìṣe kan náà fún ọdún púpọ̀. Láìsí láàbù kejì, olùbéèrè ìbá máa mu òfo ìgò ẹlẹ́rìndòdò lọ ni. Ìwé ẹ̀rí náà dára, kí ẹ sì wá a, ṣùgbọ́n ẹ ka àkójọ àyẹ̀wò tí ó so mọ́ ọn, nítorí pé àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fún láṣẹ. Láàbù lè ní i fún pH àti náítíréètì kí ó má ní i fún ásẹ́níìkì.

Ọ̀nà tí mo fi ń dán láàbù wò ni pé n ó pín omi kan náà sí ìgò méjì, n ó kọ orúkọ ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí wọn lára, n ó sì fi ìgò kẹta tí ó jẹ́ omi tí a sọ di mímọ́ pátápátá kún wọn. Bí méjì àkọ́kọ́ kò bá súnmọ́ ara wọn, tàbí tí wọ́n bá rí náítíréètì nínú ẹ̀kẹta, ìbéèrè ti dé. Ẹ tún lè dán ìwé èsì wò pẹ̀lú ara rẹ̀: àwọn ohun tí agbára iná wọn jẹ́ àfikún, bíi kálísíọ̀mù àti sódíọ̀mù, gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú àwọn tí tiwọn jẹ́ àyọkúrò, bíi kíláráìdì àti náítíréètì, bí a bá kà wọ́n ní milliequivalent, ìwọ̀n tí ń ka agbára iná tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé. Bí ìyàtọ̀ bá fi púpọ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ó ní ohun tí wọn kò wọ̀n tàbí tí wọ́n ṣì wọ̀n.

Akọ́ṣẹ́ Láàbù:

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ náà fúnra wa. Ohun tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn COD ní mẹ́kúrì, fàdákà àti kírómíọ̀mù nínú. Ẹ má dà á sínú kòtò ìdọ̀tí láàbù. Ẹ máa kó o sínú àgbá ọ̀tọ̀ fún àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti pa á run. Ohun tí a fi ń yẹ ẹ̀gbin wò kò gbọdọ̀ di ẹ̀gbin tí ó burú ju èyí tí a ń yẹ̀ wò lọ.

Olùbéèrè:

Mo padà wá, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. NO3-N ni ó wà lórí ìwé àkọ́kọ́ ní tòótọ́, ní lẹ́tà tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní láti gbé e sún mọ́ fèrèsé. Mo tọ láàbù kejì lọ pẹ̀lú ìtẹríba gẹ́gẹ́ bí bàbá wa ti wí, wọ́n sì ṣí ìwé iṣẹ́ wọn fún mi láìbínú. Mílílítà 12 ni wọ́n kọ pé ó wọ inú ìgò, ọ́síjìn sì ti 8.4 bọ́ sí 2.2, ẹni tí ó ṣe ìṣirò fi 50 sọ ọ́ di púpọ̀ dípò 25. BOD wá di 155. Wọ́n ti fún mi ní ìwé tuntun, wọ́n sì ní láti ìsinsìnyí lọ, ẹni kejì ni yóò máa yẹ ìṣirò wò kí èsì tó jáde.

Mo ti gba omi ní ibi mẹ́ta, nínú ìgò tí láàbù fún mi. Kànga, òfo. Táńkì, òfo. Ẹnu ẹ̀rọ, mo gbà á lẹ́ẹ̀mejì: pẹ̀lú rọ́bà lẹ́nu rẹ̀, 11, lẹ́yìn tí mo yọ rọ́bà tí mo nù ún tí mo sì jẹ́ kí omi ya, òfo. Mo ti gé rọ́bà náà sọnù. Kílóríìnì tí ó kù lẹ́nu ẹ̀rọ jẹ́ 0.3. Ṣé mo lè dẹ́kun sísè?

Onímọ̀ Kòkòrò Àìfojúrí:

Inú mi dùn púpọ̀. Ẹ fún mi ní èsì kan sí i kí ẹ tó dẹ́kun: ẹ tún gba omi lẹ́nu ẹ̀rọ náà àti lẹ́nu ẹ̀rọ méjì mìíràn ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, pàápàá èyí tí ó jìnnà sí táńkì jù, nítorí pé ibẹ̀ ni kílóríìnì ti máa ń tán. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ òfo tí kílóríìnì kò sì lọ sísàlẹ̀ 0.2 níbì kankan, ẹ lè dẹ́kun sísè. Kí ẹ wá tún kànga yẹ̀ wò lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, nítorí pé òfo ọ̀gbẹlẹ̀ kò tíì sọ fún wa bí etí kànga náà ṣe dí dáadáa tó.

Onímọ̀ Kẹ́míkà:

Ẹ má sì gbàgbé ìgò òjé, omi òwúrọ̀ àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ẹ̀rọ.